Ajá kejì: ẹ bi ìyálé léèrè kẹ́ ẹ tó gbé ìyàwó wọlé

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ jápa lọ sí Kánádà gbé ajá ẹ̀ wá fún mi. Rottweiler ni, abo, ọmọ ọdún méjì, ara ẹ̀ ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọ̀fẹ́ ni o! Ajá táwọn èèyàn ń fowó rẹpẹtẹ rà, wọ́n gbé e fún mi pẹ̀lú ṣéènì, àwo oúnjẹ, àti ààbọ̀ àpò oúnjẹ ajá lórí ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò ro nǹkan kan, mo ṣí gétì, mo tú okùn lọ́rùn ẹ̀, mo ní "ó yá, wọlé." Kúìnì, abo ajá mi tó ti wà nílé láti ọdún mẹ́rin, dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó gbórí sókè, ó wò ó. Kí n tó ka ení èjì wọ́n ti so mọ́ra wọn. Etí Kúìnì fàya, dókítà rán an lójú méje, èmi náà gba eyín lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí mo ti ń là wọ́n. Rottweiler yẹn sun òru kan ṣoṣo nílé wa, inú ilé ìwẹ̀ ló sì sùn, ó padà sọ́dọ̀ olówó ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo ń kọ síbí, ohun tí ìyẹn kọ́ mi ni, àti nǹkan kan tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tí mo máa sọ tá a bá débẹ̀. Ajá kejì, ẹ̀yin lẹ máa rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa bá a gbé jù. Ẹ̀yin á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ síléèwé, àwọn ajá méjèèjì yẹn ló máa jọ wà nínú kọ́ńpáàǹdì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyàwó kékeré lẹ fẹ́ gbé wọlé yẹn o, ẹ má wo ẹwà ẹ̀ nìkan, ojú ìyálé ni kẹ́ ẹ máa wò.

1. Ẹ ṣọ́ ajá tó wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò ọmọ ajá lórí WhatsApp, ẹ fi okùn sọ́rùn èyí tó wà nílẹ̀, ẹ mú un jáde, ẹ gba iwájú ilé tí ajá míì wà kọjá. Kí ló ṣe? Tó bá ń jùrù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó fẹ́ lọ gbóòórùn, tàbí tó kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan tó ń bá tiẹ̀ lọ, ọ̀nà là nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ara ẹ̀ bá le gan bí igi, tí irun ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ dìde, tó ń fa okùn bíi pé ó fẹ́ já a, tẹ́ ẹ ń pè é tí kò tiẹ̀ gbọ́ pé ẹ wà níbẹ̀, ajá kejì kọ́ ló kàn yín, ẹ kọ́ ẹyọ kan yẹn lẹ́kọ̀ọ́ ná. Torí ajá kékeré, ojú ajá àgbà ló ń wò ṣe gbogbo nǹkan. Tí èyí tó wà nílé bá ń lé ọ̀kadà, láìpẹ́ ajá méjì ló máa máa lé ọ̀kadà lójúlé yín, tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gbó láti aago kan òru, ẹ̀yin àti aládùúgbò ti sùn tì nìyẹn.

Ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀ náà. Ajá tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, ọmọdé ni, bó ti wù kó ga tó, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ọdún méjì kó gbọ́n díẹ̀. Tó bá ti di àgbàlagbà ńkọ́, ọdún mẹ́wàá sókè, tí ìbàdí ń dùn ún, tó jẹ́ pé ó ń rọra dìde ni láàárọ̀? Àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ajá oṣù méjì tó ń fi eyín ṣóńṣó fa etí ẹ̀ látàárọ̀, ìyà gidi ni fún un. Mo ti rí ajá àgbà kan tó ń lọ sápamọ́ sábẹ́ mọ́tò nítorí ọmọ ajá tí wọ́n ní àwọn fi ṣe ọ̀rẹ́ fún un. Irú wọn, ajá tó ti dàgbà tó sì jẹ́jẹ́ ló dáa fún wọn, tàbí kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fi ìsinmi lo ìyókù ayé wọn.

Nǹkan kẹta, oúnjẹ. Tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kí ẹnì kan rọra kọjá, kó má sún mọ́ ọn jù o, kó má sì nawọ́ sí àwo. Ṣé ó ń bá oúnjẹ ẹ̀ lọ, àbí ṣe ló dúró gbagidi, tó borí mọ́ àwo, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò yín? Ajá tó ń ṣe èyí kejì yẹn lè gbé pẹ̀lú ajá míì, mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé títí ayé wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á máa jẹun, ilẹ̀kùn á sì wà láàárín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "ajá mi ń dá wà, ó fẹ́ ẹlẹgbẹ́." Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ajá tí mo rí tí wọ́n ń ké tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ̀yin olówó wọn ni wọ́n ń wá. Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò láti oṣù January, kò mọ nǹkan tó wà lẹ́yìn gétì. Ẹ mú un rìn fún ìdajì wákàtí láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún oṣù kan ná. Tí gbogbo ìjọ̀ngbọ̀n yẹn bá rọlẹ̀, ẹ ti rí oògùn ẹ̀ nìyẹn, ẹ ò tíì ná kọ́bọ̀.

2. Owó àti láńlọ́ọ̀dù

Ìrọ̀rùn ni mo fi máa sọ èyí. Iye tẹ́ ẹ ń ná sórí ajá kan lóṣù, oúnjẹ ni o, oògùn aràn ni o, oògùn eégbọn ni o, ẹ yọ iye yẹn gan-an sọ́tọ̀ fún oṣù méjì kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá ti ń wọ inú ẹ̀ lọ ra kírédíìtì kí oṣù tó parí, ọwọ́ ò tíì tó. Ẹ má sì ṣe é bíi tàwọn tó ń sọ pé "oúnjẹ tí ẹnì kan ń jẹ, èèyàn méjì lè pín in jẹ," ajá tí ò yó ló ń jà. Tẹ́ ẹ bá háyà ilé, ẹ bi láńlọ́ọ̀dù léèrè kí ajá tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti bí ọmọ mẹ́sàn-án sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

3. Akọ ni àbí abo?

Ibí ni mo ti ṣubú. Láàárín ajá, abo sí abo ni ìjà wọn máa ń le jù. Akọ méjì, ariwo ló sábà máa ń pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á kọrùn mọ́ra, ọ̀kan á yí ikùn sókè, ó parí. Abo méjì tí ò gba tara wọn, wọ́n á jà lónìí, wọ́n á rántí lọ́la, wọ́n á tún bá a lọ lọ́túnla. Kì í ṣe gbogbo abo o, mo mọ ilé kan ní Bódìjà tí abo méjì ń sùn sórí ẹní kan náà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ni yíyàn wà, ẹ mú akọ fún abo, ẹ mú abo fún akọ.

Wàhálà tó wá wà nínú akọ àti abo, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Abo máa ń wọ hítì, ìyẹn àkókò tó ń wá akọ, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, èyí tó kọ́kọ́ máa ń ṣe lè bọ́ sí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tán. Akọ tó wà nínú kọ́ńpáàǹdì kan náà ò ní jẹun, ò ní sùn, á máa ké bí ọmọ tí wọ́n gbà lọ́mú, ẹ gbójú kúrò díẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ẹ ti di bàbá ọmọ ajá. Ẹ tẹ akọ lọ́dàá, tàbí kí dókítà yọ ilé ọmọ abo. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ìkà ni, pé ajá tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá ò ní lè ṣọ́lé mọ́. Irọ́ ni. Ajá tí mo tẹ̀ lọ́dàá ṣì ń gbó ẹni tó ń mú bíìlì iná wá bíi pé ó jẹ ẹ́ lówó. Ti abo gan-an tún ní èrè mìíràn, ilé ọmọ ajá tó ti dàgbà lè kún fún ọyún lẹ́yìn hítì, ìyẹn sì ń pa wọ́n. Kẹ́ ẹ mọ̀ o, akọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́dàá ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má tíì dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

Ìkan tún kù. Tí ẹni tó ń tajà bá ní kẹ́ ẹ kúkú mú ọmọ ìyá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun á dín owó fún yín, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ. Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ tọ́ pọ̀, ara wọn ni wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, wọn ò ní ráyè tiyín, tẹ́ ẹ bá sì yà wọ́n fún wákàtí kan, ilé á gbóná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń tọ́ ajá.

4. Irú ajá wo?

Ìwọ̀n wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Boerboel tó tó ìwọ̀n àgbàlagbà èèyàn, àti Lhasa tó ṣe é gbé sábíyá, wọ́n lè fẹ́ràn ara wọn dọ́ba, ọjọ́ tí eléyìí bá tẹ tọ̀hún mọ́lẹ̀ nínú eré, ẹkún ni. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá, eré lásán ni.

Lẹ́yìn náà, ooru. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fáwọn èèyàn wa pé Caucasian ni ajá tó yẹ ká máa sìn n'Íbàdàn. Orí òkè tí yìnyín ń bọ́ ni wọ́n ti ń lo ajá yẹn láti ṣọ́ àgùntàn, irun ẹ̀ nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ wá so ó mọ́lẹ̀ nínú oòrùn oṣù March, NEPA ò mú iná wá, fáànù ò ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní jẹ́nẹ́ àti AC fún un, ọ̀rọ̀ yín ò kàn mí.

Ajá ìbílẹ̀, àwọn tá à ń fi orúkọ "ekuke" bú yẹn, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò dáadáa. Irun wọn fẹ́lẹ́, ooru ò tì wọ́n síbì kankan, wọ́n gbọ́n, wọn ò jẹun bí ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo àwọn tó bá ọdẹ wa wọgbó láyé àtijọ́, àwọn ni. Èyí tó bá jẹ́ àdàlù ajá ìbílẹ̀ àti Alsatian, bíi Kúìnì mi, etí kan dìde etí kan dojú bolẹ̀, kò lè jáwé olúborí níbì kankan, ṣùgbọ́n ẹ wá dán gétì mi wò lóru.

Ìwà ni kẹ́ ẹ fi dọ́gba o, kì í ṣe àwọ̀. Tí ajá àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ ṣe ọ̀gá, ẹ wá onísùúrù. Tó bá jẹ́ ojo, ẹ má gbé jàǹdùkú tì í.

5. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á, àti bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Rottweiler, mo fi oṣù mẹ́ta gbé jẹ́ẹ́. Mo wá ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan lẹ́bàá títì tó gbé ọmọ ajá mẹ́rin sínú kéèjì. Ọ̀kan jókòó jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀, Alsatian, ó ń wò mí. Mo ní áà, èyí ní ìfarabalẹ̀, Kúìnì á fẹ́ràn ẹ̀. Ìfarabalẹ̀ kọ́ ni o jàre, àìsàn ni. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, lọ́jọ́ kẹrin ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, òórùn ẹ̀ ò ṣeé sọ, lọ́jọ́ kẹfà mo gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Parvo ni, àrùn tó ń ba ìfun ajá jẹ́. Káàdì abẹ́rẹ́ tó fún mi, bírò kan náà ló fi kọ gbogbo ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí òǹtẹ̀, kò sí ìlẹ̀mọ́ kankan láti ara ìgò oògùn. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò lára ẹ̀.

Nítorí náà, ilé tí wọ́n ti bí i ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá ẹ̀ hàn yín. Tí wọ́n bá ní ìyá wà lábúlé, tàbí wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró síbi gétì àwọn á gbé e jáde wá, ẹ yíjú padà. Ẹ wo bí ìyá ṣe ń ṣe sí àlejò, torí ìwà ìyá máa ń ran ọmọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ. Èyí tó bá sáré wá tó sì ń já okùn bàtà yín gbà, alágbára nìyẹn, kò dáa fún ilé tí ìyálé ti ní agídí. Èyí tó sá wọ kọ̀rọ̀ tí kò jáde títí, ẹ ṣọ́ra. Mo máa ń fẹ́ àárín gbùngbùn, èyí tó kọ́kọ́ wò yín ná, tó wá rọra rìn wá gbóòórùn ọwọ́ yín, tó tún padà lọ bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré.

Tẹ́ ẹ bá gbé e, ẹ ṣí ètè ẹ̀ sókè. Erìgì ẹ̀, ìyẹn ẹran ìdí eyín, ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀ nìyẹn, aràn lè ti mu ún tán tàbí kó jẹ́ ibà tí eégbọn ń fà. Ikùn tó wú kelebe tí egungun ìhà sì yọ síta, aràn nìyẹn náà. Ẹ wo ojú àti imú bóyá ó ń ṣọyún, ẹ fi imú sún mọ́ etí ẹ̀, kò yẹ kó rùn, ẹ yẹ abẹ́ ìrù wò bóyá ìgbẹ́ gbẹ mọ́ ọn, ẹ yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ àti inú etí fún eégbọn. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó rìn lọ kó rìn bọ̀. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ má gbà á, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra lo eyín.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́: èyí tó wà fún parvo àti distemper, àrùn míì tó ń pa ajá, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, títí tí ajá á fi tó bí oṣù mẹ́rin. Ti dìgbòlugi, tó bá pé oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ bi dókítà léèrè pé níbo lẹ̀ ń tọ́jú oògùn yín sí tí iná bá lọ? Ìbéèrè gidi ni, ẹ má tijú. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí Celsius ló yẹ kó wà, abẹ́rẹ́ tó ti gbóná lẹ́ẹ̀mẹta nínú fíríìjì tó ti kú, omi lásán lẹ gún. Àwọn ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì, bíi ti UI níbí àti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, èmi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ síbẹ̀.

Ajá àwọn tó ń jápa ńkọ́? Ó dáa o, ẹ má jẹ́ kí ìtàn mi dẹ́rù bà yín. Ajá tó ti dàgbà, ẹ ti rí ìwà ẹ̀, kò sí àwítúnwí. Ẹ kàn bi wọ́n: ṣé ó ti bá ajá míì gbé rí? Ṣé ó ti bu èèyàn jẹ rí? Ta ló ń fún un lóúnjẹ? Kẹ́ ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn pé tí kò bá ṣiṣẹ́ láàárín oṣù kan, ẹnì kan wà tó máa gbà á padà.

6. Kó tó wọlé

Ẹ gún Kúìnì tiyín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ kó pé kí tuntun tó dé. Ohun tó yọ tèmi nìyẹn, Alsatian yẹn kú, Kúìnì ò tilẹ̀ wúkọ́. Ajá tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwo ọ̀tọ̀, ibùsùn ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó wà nílẹ̀, torí àìsàn tó bá gbé bọ̀ sábà máa ń yọjú láàárín àkókò yẹn. Tí parvo bá ti pa ajá nílé yín rí, ọṣẹ ò ran kòkòrò yẹn. Blíìṣì ni, ife kan sínú ife omi ọgbọ̀n, ẹ dà á sórí sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ fọ̀, kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n inú yẹ̀pẹ̀ ó lè wà fún ọdún kan, ẹ ò sì lè fi blíìṣì fọ yẹ̀pẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọmọ ajá jòjòló kọ́ ni mo máa gbé wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ajá oṣù mẹ́rin tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ ni mo lọ gbé lọ́dọ̀ màmá kan ní Mọ́níyà, akọ, àdàlù bíi Kúìnì náà.

7. Ọjọ́ tí wọ́n máa pàdé

Ẹ má ṣí gétì bíi tèmi. Inú ilé, ti ìyálé ni, ẹni tó bá ká a mọ́ inú ilé ẹ̀, olè ni. Tí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn bá ti pé, títì ni kí wọ́n ti pàdé, níbi tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan nínú wọn.

Èèyàn méjì, okùn méjì. Ọmọ mi ọkùnrin mú Kúìnì, èmi mú tuntun, a dúró sí òdìkejì títì, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí apá kan náà bíi pé a ò mọra. Ẹ jẹ́ kí okùn rọ̀ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á le, ajá máa rò pé nǹkan tó ń bọ̀ yẹn burú. A rìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sún mọ́ra díẹ̀, a tún rìn, a tún sún mọ́ra. Kúìnì kọ́kọ́ kọrùn sí i, ó wá gbàgbé ẹ̀, ó ń gbóòórùn igi tiẹ̀. Nígbà tá a jọ rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá onídùńdú, wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ìdí ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ pè wọ́n kúrò, ẹ tún jẹ́ kí wọ́n padà. Tí èyí kan bá tẹ àyà mọ́lẹ̀ tó gbé ìdí sókè, eré ló ń pè é sí. Tí ara bá rọ̀, tí ìrù ń jù pẹ̀lú ìbàdí, ó dáa. Ìrù tó nà ṣánṣán tó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ kì í ṣe ayọ̀ o, ojú tó ranjú mọ́ ojú náà kì í ṣe ìfẹ́, ẹ fà wọ́n sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa rìn lọ.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ ti kó gbogbo àwo, egungun, ẹní, bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ jọ rìn wọlé pọ̀.

8. Oṣù àkọ́kọ́

Oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyálé lẹ́yìn ilé, kékeré lẹ́bàá gétì, ẹ kó àwo kúrò tí wọ́n bá jẹ tán. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan tẹ́ ẹ bá jáde, kéèjì tàbí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gétì, ẹ tì í o, tuntun ò mọ ojú ilé, tó bá bọ́ sí títì, mọ́tò lè gbá a, tàbí kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń pe ajá ní 404, ìyẹn àwọn tó ń jẹ ẹran ajá, pàápàá tí oṣù December bá ń sún mọ́lé.

Tí ìyálé bá kùn sí kékeré, ẹ má nà án. Mo mọ̀ pé àánú kékeré ló máa ṣe yín, ṣùgbọ́n kíkùn yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, ó ń ní "ó tó, kúrò lára mi." Tẹ́ ẹ bá nà án títí tí kò fi kùn mọ́, lọ́jọ́ tó bá sú u kò ní sọ̀rọ̀, eyín ló máa fi ṣe é. Ẹ pe kékeré kúrò níbẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ sì ráyè mú ìyálé nìkan jáde lójoojúmọ́, bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó má baà dà bíi pé kékeré gba ọkọ ẹ̀. Kékeré náà, òun nìkan ni kẹ́ ẹ máa kọ́ ní "jókòó" àti "wá síbí."

Tí wọ́n bá jà, ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ wo ọwọ́ mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni kẹ́ ẹ dà lé wọn lórí, tàbí kẹ́ ẹ ti àga tàbí pákó sáàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, kí kálukú mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti ajá kan, kó gbé e sókè bíi bárò, kó máa fà á sẹ́yìn. Tí eyín bá wọlé sí yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín sun irun ajá lé e. Àmì dìgbòlugi tó bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí, kò sí oògùn tó ń wò ó mọ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ gbà kó tó yọ ló ń gbani.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, ẹ wá ilé míì fún kékeré. Kì í ṣe ìyálé la máa lé.

9. Orúkọ

Ẹ má fún un lórúkọ tó jọ ti ẹni àkọ́kọ́. Kúìnì àti Kíńgì, tẹ́ ẹ bá ń pe ọ̀kan àwọn méjèèjì á jọ sáré wá. Èmi wá ní kí n ṣe bíi tàwọn bàbá wa tó ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀, mo sọ tèmi ní Ṣetìẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, òun àti Kúìnì ń sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, Kúìnì ló ni ibi tó tutù, Ṣetìẹ ló ń fẹ̀yìn ti ògiri. Àláàfíà ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Aládùúgbò mi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ni ò kí mi mọ́, torí aago mẹ́fà àárọ̀ gbogbo ni mo ń dúró sí fẹ́ǹsì yẹn, tí mo ń lọgun "Ṣetìẹ! Ṣetìẹ! Mo ní o ṣe tìẹ!"